Ìka Mẹ́fà Lápá Òsì Dígí

Ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò ìyá mi fi ṣe iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà máa ń mi orí pé, "Háà, obìnrin rere!" Èmi ò bá wọn mi orí. Mo wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n sì gbé ẹ̀bi oníkálukú lé e lórí bó ṣe wúwo tó, tèmi náà kò gbẹ́yìn.

Ilé ìwo-ìràwọ̀ tó wà lórí òkè ni Àǹtí mi ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn, Olùtọ́jú Ohun Èlò, Ìpele Kejì, ni orúkọ iṣẹ́ náà. Lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, Ìyá Dígí ni wọ́n. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gé èékánná, nítorí pé èékánná lè ha dígí. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, wọn kì í fi ìpara kan ara, nítorí pé ọ̀rá máa ń gbéra láti ara èèyàn lọ bà sórí dígí. Ọkọ wọn, tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìpara yìí sinmi. "Ẹ wá wo ayé," bàbá náà á ní fún oníbàárà. "Bàtà ẹni ẹlẹ́ni ń dán nílé mi, ìyàwó mi ń họ bí ògiri."

Iṣẹ́ ibẹ̀ ò le láti yéni bí ẹni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ò bá ṣe fáàrí. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní títẹ́jú, bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Tó bá wọ inú afẹ́fẹ́ ayé wa, afẹ́fẹ́ á rún un. Ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ fi ń ṣẹ́jú lójú wa. Nínú ilé náà, dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ̀rin nǹkan kéékèèké wà tó ń tì í síwá tó ń fà á sẹ́yìn, ìka ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rún, ó sì ń lọ rò fún kọ̀ǹpútà. Olófòófó ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan máa dúró, dígí á wú níhìn-ín, á tẹ̀ lọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ á sì tún tẹ́jú. Kí o tó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi gbogbo èyí wá: ayé mìíràn, tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po bí tiwa ṣe ń yí oòrùn po. Ìràwọ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po tí kò ṣeé fẹnu sọ. Nítorí náà, wọ́n á fi nǹkan dúdú róbótó bo ìràwọ̀, bí ẹni fi àtàǹpàkò bo iná mọ́tò kó lè rí tanátaná tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì rún díẹ̀, díẹ̀ báyìí, iná mọ́tò á yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, á sì jọ tanátaná. Ẹni tí ojú ń kán á pariwo pé òun ti rí i.

Àbùkù kan wà tí gbogbo wọn mọ̀. Dígí kan ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì: apá kan ń lọ bá Olófòófó, apá kejì ń lọ bá kámẹ́rà. Ohun tó bá ṣe ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà kámẹ́rà, Olófòófó ò sí níbẹ̀, kò lè rò ó. Á ní gbogbo nǹkan tẹ́jú, kámẹ́rà á sì máa ya ohun tó rún. Wọ́n wá ní àtẹ kan, nọ́ńbà ẹgbẹ̀rin, ọ̀kan fún ìka kan, tó ń mú kí dígí fi díẹ̀ wú tàbí kó fi díẹ̀ tẹ̀ láti dí ohun tí Olófòófó ò rí. Ọ̀gá ilé náà ló ṣe àtẹ ọ̀hún lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó ṣe é dáadáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pààrọ̀ awò kan nínú kámẹ́rà, àtẹ náà ò bá ọ̀nà náà mu mọ́.

Àǹtí mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n kọ lẹ́tà tí kò tó ojú ìwé kan, wọ́n ní kí Ọ̀gá jọ̀wọ́ ṣe àtẹ tuntun. Ọ̀gá yìí, Ó-Ti-Wà-Bẹ́ẹ̀ ni a ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé èsì tó ń fọ̀ sí gbogbo ẹjọ́ nìyẹn. Bí ilẹ̀kùn bá dún, ó ti wà bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ń jò sínú yàrá ìwé, ó ti wà bẹ́ẹ̀. Ó mú lẹ́tà náà wá sí ìpàdé, ó kà á sókè fún gbogbo èèyàn.

"Ìyá Dígí ní àtẹ mi ti bàjẹ́," ó ní. "Ẹ bá mi kí wọn o. Tó bá di ọ̀la, wọ́n á ní oòrùn ń yọ láti ẹ̀yìnkùlé."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tẹ ìwé kan jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá dígí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àtẹ, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó yáa kó ẹrù rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni Àǹtí mi ti ń dé ibi iṣẹ́ ní aago méje, wákàtí kan ṣáájú àwọn yòókù. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nítorí pé mo padà rí i. Lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀, tí mo sì jókòó sílé fún ọdún kan àti ààbọ̀, ilé náà gbà mí fún oṣù mẹ́fà láti máa to àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́dọ̀ Àǹtí mi ni mò ń gbé, a sì jọ ń jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta mi, mo tẹ̀ lé wọn wọ yàrá dígí, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Wọ́n tan gílóòbù kékeré kan tó wà nínú àpótí dúdú. Ihò tí kò fẹ̀ ju ihò abẹ́rẹ́ lọ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà jáde, ó sì ń tọ ọ̀nà kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń tọ̀, kí èèyàn lè fi dán ẹ̀rọ wò lójú ọ̀sán. Wọ́n pe àtẹ Ọ̀gá sójú kọ̀ǹpútà. Òrùka ìmọ́lẹ̀ kan yọ yí nǹkan dúdú náà ká, ó sì wú lápá òsì bí ojú tí agbọ́n ta. Àǹtí mi wo ẹ̀rọ tó ń wọn ooru yàrá. Wọ́n wá ti ìka kan díẹ̀, wọ́n ti òmíràn, ìka mẹ́fà lápá òsì, títí òrùka náà fi dọ́gba. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n pa gílóòbù.

"Àǹtí, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń jí dígí lójú oorun."

"Ṣé Ọ̀gá mọ̀?"

"Ṣé o rí ẹlòmíràn níbí ni?"

"Ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣá?"

"Kí n fọwọ́ ara mi kọ ẹ̀sùn sí ara mi lọ́rùn? Ìwé tí wọ́n ní o kà yìí, ta ló kọ́ ẹ?"

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí wọ́n máa ti ìka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó ń yàtọ̀, òtútù ló ń pinnu rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́. Nínú ilé tí wọ́n ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ dé ibi tí irun orí dà bí ìtì igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó mú kí àwòrán wọn mọ́ wà nínú ọwọ́ èèyàn kan ṣoṣo, kò sì sí lákọsílẹ̀ níbì kankan. Ọ̀gá ń mú àlejò wá, ó ń nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ọdún mọ́kànlá," á ní. "Àtẹ mi ò yẹsẹ̀ rí." Àǹtí mi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú aṣọ ìnudígí lọ́wọ́, wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Mo gbọ́ èyí, inú bí mi, mo sì dákẹ́. Ẹ kọ ìyẹn mọ́ mi lọ́rùn.

Ní oṣù kẹrin mi níbẹ̀, ọkọ wọn ṣubú lórí àkàbà, egungun itan ṣẹ́. Àǹtí mi gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́jọ láti dúró tì wọ́n nílé ìwòsàn. Mo bi wọ́n pé ta ló máa jí dígí. Èmi ò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.

"Dókítà Kíákíá á lo àtẹ Ọ̀gá bí ìwé ara ògiri ṣe wí," wọ́n ní. "Ọjọ́ mẹ́jọ péré. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Kíákíá ni a ń pe dókítà tó kéré jù níbẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ń jẹun ní ìdúró. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó kàn jẹ́ pé ó ti fi ọdún mẹ́rin wá pílánẹ́ẹ̀tì, kò sì rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ karùn-ún ìsinmi Àǹtí mi, ó rí àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ tó ń wò, lápá òsì.

Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá pílánẹ́ẹ̀tì mọ̀ yàtọ̀ sí àbùkù. Bí ojú ọ̀run ṣe ń yí, pílánẹ́ẹ̀tì gidi á bá a yí; àbùkù inú ẹ̀rọ á dúró sójú kan. Èèyàn gbọ́dọ̀ wo ìràwọ̀ náà fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún, kí yíyí náà tó hàn kedere. Kíákíá ya àwòrán mẹ́rin láàárín ogójì ìṣẹ́jú, nítorí pé ìkùukùu ń bọ̀. Àmì náà yí díẹ̀, ó sì yí síbi tó yẹ kó yí sí. Ohun tí kò rò ni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ amúlétutù ni, pé yàrá ń tutù sí i bó ṣe ń ya àwòrán, àti pé bí yàrá bá ń tutù, àbùkù apá òsì náà ń rìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni náà sì ń fún ọkọ rẹ̀ lómi mu nílé ìwòsàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kíákíá fi kọ ìwé ìwádìí náà. Orúkọ Ọ̀gá ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, bó ti máa ń rí. Ọ̀gá fi ìkéde sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn àlejò, ó sì ní kí wọ́n kun ẹnu ọ̀nà.

Àǹtí mi wọlé ní Ọjọ́rú. Kíákíá ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu yàrá dígí.

"Ìyá mi, ẹ kú ilé ìwòsàn. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń bú àwọn nọ́ọ̀sì. Ara wọn ti yá nìyẹn."

"A dúpẹ́. Ẹ bá mi fọwọ́ sí ibí yìí kíá." Ó ti na bírò sí wọn. "A ti rí i, Ìyá! A ti rí ọ̀kan!"

Ìwé tí wọ́n máa ń so mọ́ ìwé ìwádìí ni. Ìlà kan péré ló wà lórí rẹ̀ fún olùtọ́jú ohun èlò: Ní àwọn ọjọ́ tí a dárúkọ wọ̀nyí, a ṣètò dígí bí a ti ń ṣètò rẹ̀ látẹ̀yìnwá. Àǹtí mi kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n ní kí ó fi àwòrán náà hàn wọ́n. Ó gbé e wá. Wọ́n wo àmì tó wà lápá òsì náà pẹ́.

"Jẹ́ kí n lọ wá gíláàsì mi," wọ́n ní.

"Ó wà lójú yín, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á fọwọ́ sí i lọ́la, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́, a jókòó yí ibùsùn ọkọ wọn ká nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ bàbá wà nínú símẹ́ǹtì funfun, wọ́n gbé e lé ìrọ̀rí méjì. Àǹtí mi rò ó látòkèdélẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, irọ́ ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò ṣètò dígí bí a ti ń ṣètò rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́jọ náà. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, Ọ̀gá á bi wọ́n ìdí. Bí wọ́n bá sọ ìdí, ìwé ara ògiri ṣì wà níbẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì.

"Fọwọ́ sí i, jàre," ọkọ wọn ní. "Pílánẹ́ẹ̀tì wo? Ṣé ilé wa ló ti máa wá sùn ni? Bó wà, bí kò sí, ta ló kàn?"

"Àwọn èèyàn á máa wá a."

"Kí wọ́n máa wá a! Iṣẹ́ wọn kọ́ ni?"

"Gbogbo ilé tó ní awò ńlá ló máa kọjú ẹ̀ sí ìràwọ̀ yẹn," Àǹtí mi ní. "Ọmọ ọlọ́mọ kan á fi ọdún mẹ́ta wá ohun tí mo mọ̀ pé kò sí. Á máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n wá."

"Ọmọ ọlọ́mọ ò ní ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Èmi ni mo ní ẹsẹ̀ tó ṣẹ́."

Àǹtí mi yíjú sí mi. Mo ní kí wọ́n sọ òótọ́. Mo ní ó sì ti yẹ kí wọ́n sọ ọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Gbọ́ bí ẹnu ẹ ṣe mú," Àǹtí mi ní. "Ẹni tí kò tíì pé oṣù márùn-ún lábẹ́ ọ̀gá. Bí wọ́n bá ka lẹ́tà tìẹ náà sókè, tí gbogbo ilé fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, ká wá wo bí o ṣe máa kọ òmíràn."

Mi ò gbà pé èsì nìyẹn sí ohun tí mo sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, wọ́n ní kí Ọ̀gá àti Kíákíá jọ̀wọ́ wá sí yàrá dígí kí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wọlé tòun ti ife tíì. Àǹtí mi nawọ́ sí àmì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pé ohun mímu ò gbọdọ̀ wọlé. Ó jáde lọ gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti le kó tó padà dé.

Wọ́n tan gílóòbù. Wọ́n pe àtẹ Ọ̀gá bó ṣe wà, ẹyọ nọ́ńbà kan ò yí. Àmì náà yọ lápá òsì.

"Dókítà, kí nìyẹn?"

Kíákíá súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán ìràwọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni mo ti rí i tó ń sáré. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó dúró.

"Ibì kan náà ni," ó ní.

"Gílóòbù rèé," Àǹtí mi ní. "Inú àpótí ló wà. Ọjà ni mo ti rà á. Àbí gílóòbù náà ti bímọ ni?"

Wọ́n mú kí ẹ̀rọ amúlétutù tutù sí i. A dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Àmì náà rìn díẹ̀, síbi tí ti Kíákíá rìn sí gẹ́lẹ́.

"Ẹ̀rọ ò lè ṣe kó má ní àbùkù," Ọ̀gá ní. "Ó ti wà bẹ́ẹ̀."

"Ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, Ọ̀gá. Èmi ni mò ń mú un kúrò."

Wọ́n ti ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àmì náà yọ́ bí ìyọ̀ nínú omi, òrùka sì dọ́gba. Ọ̀gá wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ wọn.

"Ẹ̀yin fọwọ́ kan àtẹ mi?"

"Láràárọ̀."

"Ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Ẹ ò rí i?"

"Èmi ni mò ń nu eruku ara ẹ̀, Ọ̀gá."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó, ó wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo oṣù tí mo lò níbẹ̀.

"Níbo lẹ kọ ọ́ sí? Iye tí ẹ ti ìka kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan?"

"Mi ò kọ ọ́."

"Ìwé ìwádìí mẹ́tàlélọ́gọ́ta ti jáde nínú ilé yìí láàárín ọdún mẹ́sàn-án," ó ní. "Gbogbo wọn ló sọ pé àtẹ mi ni a lò. Irọ́ ni gbogbo wọn báyìí. N kò sì lè sọ ohun tí òótọ́ jẹ́, nítorí pé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni. Ó dùn mí pé ẹnu rẹ̀ ni òótọ́ ọ̀hún ti jáde, ẹni tó sọ òótọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ilé náà. Àmọ́ bí olè bá sọ pé ilé ń jó, ilé ń jó náà ni.

Kíákíá ṣì dúró sójú kan. "Mo ti sọ fún ìyá tó bí mi," ó ní, kò kọjú sí ẹnì kankan. "Mo ti sọ fún wọn pé mo rí ayé kan."

"Tún wọn pè," Àǹtí mi ní. Ohùn wọn ò le. "Tún wọn pè kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mi. Lẹ́yìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ayé ì bá ti gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ò ní ṣeé pè padà."

Ìkéde ò wáyé mọ́. Ìwé tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí àwọn àlejò ní wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà tẹ Àǹtí mi lọ́wọ́. Ọ̀gá ò lé wọn. Ẹ má rò pé àánú ni. Bó bá lé wọn, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀, bó bá sì kọ ìdí rẹ̀, gbogbo ayé á mọ̀ pé àtẹ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́tà náà ní kí wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ yàrá dígí lé Dókítà Kíákíá lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n kọ́ ọ ní ìṣètò àárọ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá ìkẹ́rùsí láti ọjọ́ Ajé. Ní yàrá ìkẹ́rùsí, ìwé àti páálí ni wọ́n máa tọ́jú. Kò sí dígí kan níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n má kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Ó-Ti-Wà-Bẹ́ẹ̀ wá ti ìka ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́ kí n sì mú ìwé ńlá kan wá, èyí tó ní ìlà.

Láti aago méjìlá ni Kíákíá ti jókòó. Wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó kọ déètì, kó kọ òtútù yàrá, kó kọ nọ́ńbà ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ti ìka àkọ́kọ́, òrùka fọ́.

"O ti jù. Dá a padà. Kọ ọ́."

"Kí n kọ èyí tí kò dáa náà?"

"Èyí tí kò dáa gan-an ni kí o kọ."

Ó tún tì í. Òrùka gùn bí ẹyin.

"Dókítà, ta ló ń lé ẹ? Mo ní ta ló ń lé ẹ? Dígí ni, kì í ṣe agogo ẹnu ọ̀nà. Fi sílẹ̀ kó dúró kí o tó wò ó."

Wọ́n bú u ju bí mo ti gbọ́ tí wọ́n bú ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń sáré ṣáájú orí rẹ̀. Nígbà kẹfà, ó ní kí wọ́n kúkú sọ iye tí yóò tì í fún òun. Wọ́n ní àwọn ò mọ iye, pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́. Òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀ nínú òtútù. Nígbà kejìlá, òrùka dọ́gba. Àǹtí mi tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó láti òsì, wọ́n wò ó láti ọ̀tún.

"Kọ ọ́," wọ́n ní.

Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní òtútù mìíràn, ó sì ṣe é. Ojú ìwé mẹ́rin ti kún. Ó béèrè bóyá wọ́n á buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ti ìka ló ń buwọ́ lù ú. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ìwé náà, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n jáde. Ó ń dúpẹ́ lẹ́yìn wọn, wọn ò yíjú padà.

A dúró níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èèyàn. Oòrùn ṣì wà. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

"Ojú ìwé mẹ́rin," wọ́n ní. "Ọ̀sán kan péré. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n wojú mi. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ, pé ẹ̀bi Ọ̀gá ni, pé ta ló lè kọ ọ́ nínú irú ilé yẹn.

"Ó yẹ," mo ní.

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀sì dé, wọ́n kọ́kọ́ wọlé, mo tẹ̀ lé wọn.